Àbọ̀ ekográfì tó ní ètò: bí ilé àyẹ̀wò kékeré ṣe lè fi kọ̀ǹpútà gbé e kalẹ̀ ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ ní Benin

Dókítà tó rán aláìsàn wá ṣe ekográfì, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, ní ìbéèrè lọ́kàn. Ó kọ ọ́ sórí ìwé tó fi ránṣẹ́: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dun ìyá yìí lábẹ́ egungun ìhà, ṣé òkúta wà nínú àpò òróòro rẹ̀ ni? Bí àbọ̀ àyẹ̀wò, èyí tí ilé ìwòsàn wa ń pè ní compte rendu, bá padà dé ọwọ́ rẹ̀ ní odidi ojú ewé tí kò ní ìpínrọ̀, tí òkúta náà fara pamọ́ sí ìlà kẹtàlá, a kò tíì dá a lóhùn. Iṣẹ́ àbọ̀ tó ní ètò ni pé kí ìdáhùn wà níbi tí ojú ti mọ̀ ọ́n, lójoojúmọ́, ẹni yòówù kó kọ ọ́.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ilé àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ ekográfì kan tàbí méjì, kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a ó dárúkọ. Ohun tó wọ́n ni wákàtí tí ẹ ó fi jókòó kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò.

Ìwé àti bírò ló ṣáájú

Ẹ mú irú àyẹ̀wò kan ṣoṣo, èyí tí ẹ ń ṣe jù. Àyẹ̀wò ikùn tàbí ti aboyún ni yóò jẹ́ níbi púpọ̀. Ẹ kó 30 àbọ̀ tí ẹ kọ kẹ́yìn jáde, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ẹ wọ̀n àti gbogbo ohun tí ẹ dárúkọ. Ẹ ó rí i pé nǹkan kan náà ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta, pé ẹ wọn kíndìnrín ní mílímítà lónìí, ní sẹ̀ǹtímítà lọ́la, pé ẹnì kan máa ń dárúkọ aorte (òpó iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá), ẹnì kejì kì í dá a lórúkọ. Ibi tí àwọn àbọ̀ ti yàtọ̀ síra láìnídìí gan-an ni ètò yóò ti wúlò.

Orí mẹ́rin tó: Indication (ìdí àyẹ̀wò), Technique (bí ẹ ṣe ṣe é), Résultats (ohun tí ẹ rí), Conclusion (ìdáhùn). Faransé ni ẹ fi wọ́n sí, torí Faransé ni fáìlì ilé ìwòsàn ní Benin, ẹni tí yóò kà á ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kùtọnu kò gbọdọ̀ máa túmọ̀. Yorùbá àti Gùn ni ẹ ó fi bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn.

Lábẹ́ Indication, ẹ da ìbéèrè dókítà kọ bó ṣe wà. Bí ìwé rẹ̀ kò bá sọ ju "écho abdominale" lọ, ẹ bi aláìsàn ohun tó gbé e wá, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹnu aláìsàn lẹ ti gbọ́ ọ. Lábẹ́ Technique, ẹ kọ irú sonde (ohun tí ẹ ń gbé kiri lórí ara aláìsàn), bóyá aláìsàn jẹun tàbí kò jẹun, àti ohun tó dí yín lójú. Afẹ́fẹ́ inú ìfun tó bo pancréas (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ) mọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń tijú. Ohun tí ẹ kò rí, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò rí i.

Résultats ló gùn. Ẹ to ìlà rẹ̀ bí ọwọ́ yín ṣe ń gbé sonde kiri, torí bí títò àbọ̀ bá yàtọ̀ sí títò ọwọ́, ojú yóò fo nǹkan. Fún ikùn àgbàlagbà, àwọn ìlà tó tó nìyí. Ẹ̀dọ̀: gígùn rẹ̀ ní ligne médio-claviculaire (ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ láti àárín egungun èjìká iwájú), etí rẹ̀, échogénicité (bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe funfun tàbí dúdú lójú ẹ̀rọ), kókó bó bá wà. Veine porte (iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀): fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju 13 mm lọ. Àpò òróòro: ògiri rẹ̀ kì í ju 3 mm lọ bí aláìsàn kò bá jẹun, òkúta, iye, èyí tó tóbi jù, bóyá ó ń yí bí aláìsàn bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àti bóyá ó dùn ún níbi tí sonde tẹ̀. Voie biliaire principale (ọ̀nà tí òróòro ń gbà): nǹkan bíi 6 mm, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lára arúgbó tàbí ẹni tí wọ́n ti yọ àpò òróòro rẹ̀. Rate (ẹ̀yà ara tó wà lápá òsì lókè ikùn): gígùn tó bá ju 13 cm lọ ti tóbi. Kíndìnrín ọ̀tún àti ti òsì: ìlà kọ̀ọ̀kan tirẹ̀, láéláé ẹ má kọ "les deux reins" sínú ìlà kan, gígùn 9 sí 12 cm, bóyá inú rẹ̀ fẹ̀, bóyá òkúta wà. Aorte: bó bá tó 30 mm, ó ti di anévrisme (iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú), Conclusion ni kó ti fara hàn. Lẹ́yìn náà àpò ìtọ̀, próstéètì tàbí ilé ọmọ, àti omi nínú ikùn.

Ti aboyún ní ewu kan tí ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ẹ̀rọ ekográfì máa ń ṣírò ọjọ́ ìbímọ tuntun nígbàkúgbà tí ẹ bá wọn ọmọ. Bí àwòṣe yín, ìyẹn ìwé àbọ̀ tí ẹ ti tò sílẹ̀ ṣáájú, bá kàn ń gba ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, aboyún kan á gba ọjọ́ ìbímọ mẹ́ta nínú oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ tí kò dàgbà dáadáa á sì dà bí ọmọ tí oyún rẹ̀ kéré. Ìwọ̀n LCC (gígùn ọmọ láti orí dé ìdí) oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, títí dé 84 mm, ló dájú jù fún ọjọ́ orí oyún. Nítorí náà ẹ fi ìlà kan sí òkè pátápátá: "Grossesse datée par LCC le …, DPA retenue …" (DPA ni ọjọ́ ìbímọ tí a retí). Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó máa dà á kọ ni, ẹ kò ní yí i padà. Ìyókù kò ṣòro: BIP (fífẹ̀ orí), PC (ìyípo orí), PA (ìyípo ikùn), LF (gígùn egungun itan) ní mílímítà, ọkàn ọmọ, 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan, omi tó yí ọmọ ká, kòtò tó jìn jù láti 2 dé 8 cm, bí ọmọ ṣe dùbúlẹ̀, àti bí etí ibi ọmọ ṣe jìnnà sí ẹnu ilé ọmọ. Níbi èyí tó kẹ́yìn, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe "placenta bas" lásán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, bí kò bá tó 20 mm, ó wà nísàlẹ̀ jù, agbẹ̀bí sì gbọ́dọ̀ mọ̀.

"Normal" tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú

Ibí ni àbọ̀ tó ní ètò ti ń di ewu, a ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà tó yá jù láti ṣe àwòṣe ni pé kí a kọ gbogbo ìlà bí ẹni pé ara aláìsàn le, kí a máa pa ohun tó yàtọ̀ rẹ́. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlà tí ẹ kò fọwọ́ kàn ti sọ̀rọ̀ lórúkọ yín. Báyìí ni "vésicule biliaire alithiasique, à paroi fine" (àpò òróòro tí kò ní òkúta, tí ògiri rẹ̀ tínrín) ṣe ń jáde lára ẹni tí wọ́n ti yọ àpò òróòro rẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, tí ilé ọmọ sì ń jáde nínú àbọ̀ bàbá àgbà. Èyí tó burú jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní rí: pancréas tí afẹ́fẹ́ bò, tí ìwé sọ pé ó dára. Dókítà á gbà á gbọ́, kò sì ní tún wá a.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le. Kò sí ìlà tó gbọdọ̀ ní ìdáhùn kí ẹ tó yàn án. Ìdáhùn àkọ́kọ́ nínú gbogbo àkójọ yíyàn ni kó jẹ́ "À RENSEIGNER" (ó kù láti kọ), ní lẹ́tà ńlá, kí ojú lè rí i bó bá ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹ̀yà ara ni kó ní ọ̀nà mẹ́rin ó kéré tán: ó dára, ó ní nǹkan, a kò rí i, wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ ya àwòṣe ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ti obìnrin. Conclusion kò sì gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀ kankan tẹ́lẹ̀. Òfìfo ni kó wà títí tí ẹ ó fi ka Indication lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó dáhùn.

Bírò ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tẹ àwòṣe náà sórí ìwé, kí ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí ẹ bá fọwọ́ kọ sí etí ìwé lójoojúmọ́ ni ìlà tí ẹ gbàgbé. Ìlà tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sí lára aláìsàn 20, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó yẹ kó wà.

Irinṣẹ́ àkọ́kọ́: LibreOffice Writer

Bí ẹ kò bá fẹ́ ju èyí lọ, ó tó. Ẹ kọ àwòṣe sínú Writer, kí ẹ fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí modèle, ìyẹn fáìlì .ott, kì í ṣe .odt tàbí .docx. Ìdí rẹ̀ nìyí: ẹni tó ń ṣí àbọ̀ aláìsàn àná láti fi kọ ti òní yóò gbàgbé ohun kan lọ́jọ́ kan, orúkọ tàbí ọjọ́ orí tàbí ìhà tí òkúta wà. Fáìlì .ott máa ń ṣí ìwé tuntun tí kò ní orúkọ nígbàkúgbà, kò sì ní jẹ́ kí ti àná wọ inú ti òní.

Fún àwọn gbólóhùn tí ẹ ń tún kọ, AutoTexte wà nínú Writer. Ẹ ṣàmì sí gbólóhùn náà, ẹ tẹ Ctrl+F3, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ kúkúrú. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú náà, ẹ tẹ F3, gbólóhùn á jáde.

Irinṣẹ́ kejì: Espanso

Espanso ń ṣe irú iṣẹ́ AutoTexte, ṣùgbọ́n kò mọ sínú Writer nìkan. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo tí ẹ bá ti lè tẹ̀wé, lórí Windows, Mac àti Linux. Ó sì lè ṣí fọ́ọ̀mù kékeré tí ẹ ó fi yan ìdáhùn. Fáìlì tí ẹ ó kọ nǹkan sí ni base.yml, nínú àpò tó ń jẹ́ match. Àṣẹ "espanso path" yóò fi ibi tó wà hàn yín. Àpẹẹrẹ fún àpò òróòro:

matches:
  - trigger: ";vb"
    form: |
      Vésicule biliaire : [[etat]]. Paroi : [[paroi]] mm. Calcul : [[calcul]].
    form_fields:
      etat:
        type: choice
        values:
          - À RENSEIGNER
          - vue, à jeun
          - vue, non à jeun
          - non vue
          - absente (cholécystectomie)

Bí kò bá ṣiṣẹ́, ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Àkọ́kọ́, irú fáìlì yìí kò gba bọ́tìnì Tab. Àlàfo lásán ni kẹ́ ẹ fi ti ìlà sínú. Èkejì, Faransé máa ń fi àlàfo sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àmì ":", bí ẹ bá sì kọ "replace: Foie : normal" láìfi àmì ọ̀rọ̀ ká gbólóhùn náà, fáìlì náà á rò pé nǹkan mìíràn lẹ ń ṣètò, gbogbo rẹ̀ á sì kọ̀. Ẹ lo àmì "|" bó ṣe wà lókè yìí, tàbí kí ẹ fi gbólóhùn náà sáàárín àmì ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta, Espanso kì í dúró: bí ẹ bá ní ";v" àti ";vb", ";v" á jáde kí ẹ tó tẹ "b". Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan kò gbọdọ̀ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Irinṣẹ́ kẹta: fọ́ọ̀mù inú Firefox

Èyí ló lágbára jù, torí ó lè dá ohun tí kò tọ́ padà. Ojú ewé HTML kan ṣoṣo ni, ó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àwòrán ti Àríwá Amẹ́ríkà, RSNA, ní àkójọ àwòṣe ọ̀fẹ́ ní radreport.org, HTML5 ni wọ́n sì fi kọ wọ́n ní ìlànà IHE (àjọ tó ń ṣètò bí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀) tí wọ́n ń pè ní MRRT. Ẹ lè mú ọ̀kan, kí ẹ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí ti yín. Ẹ má gbà á lódindi. Ìlà rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ yín lè rí lọ.

Nínú fọ́ọ̀mù, ẹ fi "required" sí gbogbo àkójọ yíyàn, kí value yíyàn àkọ́kọ́ rẹ̀, "À RENSEIGNER", sì jẹ́ òfìfo (value=""); fọ́ọ̀mù kò ní jáde bí ẹ kò bá yan nǹkan kan. Fún gígùn kíndìnrín, ẹ kọ input type="number" min="50" max="180", ní mílímítà. Ẹni tó bá gbàgbé, tó tẹ 10 torí pé sẹ̀ǹtímítà ló ní lọ́kàn, fọ́ọ̀mù á dá a padà. Kíndìnrín tó kéré jù 50 mm lè wà lóòótọ́, nítorí náà ẹ fi àpótí ọ̀rọ̀ òfìfo sí ìsàlẹ̀ orí kọ̀ọ̀kan. Ara ènìyàn kì í fìgbà gbogbo wọ inú àpótí.

Nọ́ńbà

Ìwọ̀n kan fún àpótí kan, orúkọ ìwọ̀n náà sì ni kẹ́ ẹ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí Faransé ń retí "4,2", ẹ̀rọ ekográfì púpọ̀ ń kọ "4.2". Bí ẹ bá gbé èyí kejì sínú Calc (irinṣẹ́ ìṣírò LibreOffice), ó lè gbà á bí ọ̀rọ̀, ìṣírò kò sì ní jáde. Nígbà tó bá ṣeé ṣe, ẹ fi mílímítà kọ ọ́ láìsí kọ́mà, 42, wàhálà náà á tán.

Bọ́tìnì AZERTY tí a ń lò ní Benin ń béèrè Shift kó tó tẹ nọ́ńbà, ẹni tó ń yára á tẹ "é" dípò 2. Ẹ ra kíbọ́ọ̀dù tó ní pátákó nọ́ńbà lápá ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù ṣe ìṣírò fúnra rẹ̀. Próstéètì tàbí ìtọ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn títọ̀: gígùn × fífẹ̀ × gíga × 0,52. Próstéètì 50 × 40 × 40 mm jẹ́ 41,6 mL, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi 1000 pín in. Àwọn tó gbàgbé láti pín in ló ń rí 41 600.

Ẹ̀rọ ekográfì mìíràn lè fi àwọn ìwọ̀n náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní DICOM SR (DICOM ni ìlànà tí ẹ̀rọ àwòrán ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú àwòrán àti ìsọfúnni), àwọn tó ń tà á sì máa ń ta àǹfààní náà lọ́tọ̀ nígbà mìíràn. Ẹ béèrè kí ẹ tó san owó ẹ̀rọ. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ dsrdump, tó wà nínú àkójọ irinṣẹ́ DICOM tó ń jẹ́ DCMTK, á fi ohun tó wà nínú fáìlì náà hàn yín.

Ẹ kọ orúkọ ìlànà tí ẹ fi díwọ̀n

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà létí ààlà ju ẹlòmíràn lọ. Aláìsàn láti Kétu lè gbé àbọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà. "TIRADS 3" (ipele ewu kókó) lórí kókó ọrùn kò tó, torí ìlànà ju ọ̀kan lọ. Nínú EU-TIRADS (ti Yúróòpù) ti 2017, a lè fi abẹ́rẹ́ fa omi kókó tó wà ní ipele 3 bó bá ju 20 mm lọ. Nínú ti ACR (ti Amẹ́ríkà), ọdún 2017 náà, ó di ìgbà tó bá tó 25 mm. Kókó 22 mm kan náà, ìdáhùn méjì. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwòṣe fúnra rẹ̀ tẹ orúkọ ìlànà náà ní kíkún, kí ẹ má gbé e lé ìrántí ẹnikẹ́ni.

BI-RADS fún ọmú lọ láti 0 dé 6. Èyí tí wọ́n ń ṣì lò jù ni 0 àti 3. 0 kì í ṣe "kò sí nǹkan". Ó túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò kò tíì tó, ó kù. 3 gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí aláìsàn yóò padà wá, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún un. Ẹ jẹ́ kí yíyàn 3 ṣí àpótí ọjọ́, kí àpótí náà sì jẹ́ dandan.

Ibi tí àbọ̀ yóò máa gbé

Orthanc, tí Sébastien Jodogne bẹ̀rẹ̀ ní Liège ní Belgium ní 2012, ń tọ́jú àwòrán DICOM lórí kọ̀ǹpútà lásán. Lórí ẹ̀rọ ekográfì, ẹ kọ AE Title, ìyẹn orúkọ tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́ lójú DICOM (ORTHANC), àdírẹ́ẹ̀sì IP kọ̀ǹpútà, àti port 4242. Ẹ tẹ bọ́tìnì ìdánwò kí ẹ tó fi àwòrán kankan ránṣẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ṣiṣẹ́ lọ́la lẹ́yìn tí iná ti lọ, modem lè ti fún kọ̀ǹpútà ní IP mìíràn. Ẹ fún un ní IP tí kì í yí padà. Ojú ewé Orthanc wà ní port 8042. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá, orúkọ méjèèjì jẹ́ "orthanc", gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ẹ yí i padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má sì ṣí port náà sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí àbọ̀ lè wà pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ẹ sì lo pdf2dcm ti DCMTK: "pdf2dcm +st image.dcm cr.pdf cr.dcm". "+st" ló ń mú orúkọ àti àyẹ̀wò láti inú àwòrán, kí àbọ̀ má bàa bọ́ sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn. Ẹ̀dà DCMTK tuntun ti fi dcmencap rọ́pò rẹ̀.

Orúkọ ò tó láti mọ ẹni. Adéyẹmí, Adeyemi àti Adéyèmi lè jẹ́ ẹnì kan, wọ́n sì lè jẹ́ ẹni mẹ́ta. Ẹ fún aláìsàn ní nọ́ńbà tí kì í yí, kí ó máa gbé e bọ̀ lórí káàdì. Àwọn àgbà tí a kò mọ ọjọ́ ìbí wọn, "né vers 1948" (a bí i ní nǹkan bíi 1948), ẹ má ṣe hùmọ̀ 1 oṣù kìíní fún wọn; ẹ fi ọjọ́ ìbí sílẹ̀ ní òfìfo, kí ẹ kọ ọjọ́ orí sínú àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo arúgbó Sábẹ á ní ọjọ́ ìbí kan náà, ẹ̀rọ á sì dà wọ́n pọ̀.

Òfin Code du numérique, ìyẹn òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Benin, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, ló sì ń ṣọ́ ọ. Fífi àbọ̀ tó ní orúkọ ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp, tàbí lílẹ̀ ẹ́ sínú irinṣẹ́ AI orí íntánẹ́ẹ̀tì kó bá yín tò ó, kò yẹ. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti yọ orúkọ kúrò, ẹ ka ohun tí irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dá padà lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, pàápàá "droit" (ọ̀tún) àti "gauche" (òsì).

Ìbuwọ́lù àti ohun tó tẹ̀ lé e

Àbọ̀ tí a ti buwọ́ lù kò ṣeé pa rẹ́. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ kọ "Addendum", ọjọ́, wákàtí àti orúkọ yín sí ìsàlẹ̀, kí ohun àkọ́kọ́ ṣì wà. Ẹ fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kánjúkánjú: oyún tó wà níta ilé ọmọ, omi ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn, kórópọ̀n tó lọ́, aorte tó fẹ́ bẹ́. Ta ni ẹ pè, ní aago mélòó, ta ló gbọ́. Bí ìlà náà bá ṣófo lórí irú àwárí bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹ tó pe fóònù.

Ẹ fi onduleur (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ) sábẹ́ kọ̀ǹpútà, torí iná tó lọ lójijì nígbà tí Orthanc ń kọ nǹkan lè ba àkójọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀dà méjì, ọ̀kan kúrò nínú ilé náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà. Lóṣooṣù, ẹ mú ẹ̀dà náà, kí ẹ ṣí àbọ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti ṣí, ẹ tún ẹ̀dà náà ṣe lọ́jọ́ náà.

Ẹ tẹ nọ́ńbà àti ọjọ́ àwòṣe sí igun ìsàlẹ̀ ojú ewé, bíi "ABD-F v3". Lọ́jọ́ tí ẹ bá yí ìlà kan padà, ẹ yí nọ́ńbà náà, kí ẹ sì pa v2 rẹ́ kúrò lórí gbogbo kọ̀ǹpútà àti kọ́kọ́rọ́ USB, torí ẹnì kan á ṣì máa lò ó bó bá rí i.